Káàdì Tí Mo Gbé Sórí Àjà Ẹja

Mo ti rí òmùgọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tó wọ ṣáàtì funfun, tó so táì mọ́rùn nínú ooru etíkun, tó ti òkè, níbi ilẹ̀ gbígbẹ, wá kọ́ àwa ará Ìlàjẹ bí a ṣe ń wọkọ̀, òun ló gba ipò kìíní. Àwa tí ọmọ wa ń mọ ọkọ̀ ọ́ wà kó tó mọ okùn bàtà á so. Ní Mọlútẹ̀hìn tí wọ́n bí mi sí, orí òpó igi ni ilé wa dúró sí, omi wà lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí o bá fẹ́ lọ yá iyọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò tí afárá pákó kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ lo máa wọ̀. Irú àwa yìí ni Ọ̀gá Onítáì dúró níwájú wa tó ń sọ pé, "Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kí ẹ wá jókòó jẹ́ẹ́." Nígbà tó ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì lòun fúnra rẹ̀ fi di òpó jẹ́tì, èbúté tí a ti ń wọkọ̀, mú.

Kí n tó fi gbogbo ẹnu bú u tán, ó yẹ kí n tètè jẹ́wọ́. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀. Mo ti parí girama, mo ti jókòó sílé fún ọdún méjì tí mò ń bá ìyá mi yan ẹja, èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń wá ọmọ ìlú kan tó mọ̀wé, mo sáré débẹ̀ ju ẹni tí wọ́n ń lé lọ. Wọ́n fún mi ní fìlà, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, àti káàdì òṣìṣẹ́ tí mo fi okùn kọ́ sọ́rùn. Lọ́jọ́ kìíní tí mo wọ̀ ọ́, mo gba ọ̀nà tó jìn jù lọ délé, kí gbogbo ayé lè rí mi.

Ìgbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná gáàsì àwọn elépo tó ń wa epo rọ̀bì ló ń tàn lójú òkun fún wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní iná mànàmáná nílé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó ẹ̀bùn wá. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ omi wá rí, kò pọn omi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti kọ́ ilé ìwòsàn, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ ni wọ́n gbé dé: ọkọ̀ funfun gbàǹgbà, olórùlé, tí àga rẹ̀ pọ̀, tí yóò máa ná Mọlútẹ̀hìn sí Ìgbókọ̀dá, tí yóò sì máa yà ní Ayétòrò. Kọ́ńpìnnì kan láti òkè ni wọ́n gbé e fún pé kó máa darí rẹ̀. N kò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì náà, nítorí pé n kò fẹ́ fi ẹnu tí mo fi ń jẹun pè é. Àwọn ló gbé káàdì dé.

Káàdì náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Owó ọkọ̀ ni wàá ti san sínú rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ wọkọ̀, wàá fi kan ẹ̀rọ kan lẹ́nu ọ̀nà jẹ́tì. Bí ẹ̀rọ bá gbà, yóò tan iná aláwọ̀ ewé, irin ẹnu ọ̀nà á yí, wàá kọjá. Bí kò bá gbà, iná pupa, ó di ilé. Ọ̀gá Onítáì ní ohun tí wọ́n ń lò ní ìlú òyìnbó nìyẹn. Bí ẹni pé ará ìlú òyìnbó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn gbé e wá fún wa.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ ohun tó burú níbẹ̀. Ní ojú omi wa, a kì í san owó ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan èbúté. Kì í ṣe pé a kò lówó, kì í sì í ṣe pé a fẹ́ sá. Ẹni tó wà lórí omi kò tíì dé ibì kankan ni. Bí o bá na owó sí ọlọ́kọ̀ láàárín omi, á yí ojú padà, á ní, "Kí wọ rí tí wọ fi ń sanwó? Ṣé wọ fẹ́ bọ́ sómi ni?" Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá kan pákó ibi tí ò ń lọ lo tó jẹ ẹ́ ní nǹkan. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́nà tí ẹ padà sílé, kò sówó. Bí ìjì bá gbé yín lọ sí ìlú mìíràn, kò sówó. Ọlọ́kọ̀ ló gbé ọ, ṣùgbọ́n dídé lo sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Níbi ìpàdé tí wọ́n pè láti ṣàlàyé káàdì, ìyá arúgbó kan dìde, ó bi Ọ̀gá Onítáì pé bí òun bá san owó ọkọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀, tí òun wá kú lọ́jọ́ kẹta, ta ni yóò bá òun gun ọkọ̀ ọjọ́ méje tó kù. Ọ̀gá ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní ẹlòmíràn kò lè lo káàdì oníkáàdì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tèmi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Mi éè lè san owó ọ̀nà tí mi éè tíì rìn." "Mi éè" ni àwa fi ń wí "n kò". Ojú tì mí. Mo fa fìlà bojú, kí Ọ̀gá má baà mọ̀ pé ìyá mi ló sọ̀rọ̀.

Ìyá mi, Ìye ni mo máa ń pè é, bí gbogbo ọmọ ọ̀dọ̀ wa ṣe ń pe ìyá wọn. Obìnrin tí kò ga, tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú láti ara ẹja yíyan. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún un nínú ọmọ ìyá rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Ayétòrò. Àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí wọ́n má rí ara wọn. Bí ẹ̀gbọ́n bá dé, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn á máa fì lókè omi, wọ́n á máa ṣa edé, wọn kò sì ní sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí wọ́n ń gbádùn níbẹ̀ kò yé mi nígbà yẹn.

Kọ́ńpìnnì wá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn kò gbọdọ̀ kó èrò lójú ọ̀nà náà mọ́. Wọ́n gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn awakọ̀ wa tó kù bá tiwọn lọ, wọ́n lọ ń kó ẹrù fún àwọn elépo. Ó wá ku ọkọ̀ funfun àti káàdì. Tẹ́lẹ̀, bí o bá fẹ́ rìnrìn-àjò, o kàn máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, o máa ju gèlè tàbí àkísà sókè, ọlọ́kọ̀ á yà wá gbé ọ. Ọkọ̀ funfun kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tó ń ju gèlè, tó ń jù ú. Ọkọ̀ kọjá, ìgbì rẹ̀ fọ́ sí i lára, ó rin gbingbin.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìgbókọ̀dá nìkan ni wọ́n ti ń fi owó sínú káàdì. Ẹni tí owó káàdì rẹ̀ bá tán ní Mọlútẹ̀hìn kò lè wọkọ̀ láìjẹ́ pé ó lọ sí Ìgbókọ̀dá. Kò sì lè lọ sí Ìgbókọ̀dá, nítorí pé owó káàdì rẹ̀ ti tán. Ìgbà tí mo sọ èyí fún Ọ̀gá Onítáì, ó ní kí wọ́n máa fi owó rán ẹni tó bá ń lọ. Mo ní ṣé ẹni náà á mú káàdì wọn dání? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣebí ẹ ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ mú káàdì oníkáàdì lọ́wọ́. Ó ní mo fẹ́ràn ìbéèrè jù, pé bí àwọn obìnrin ìlú yìí ṣe rí nìyẹn. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ wo irú mi.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, iyọ̀ òkun ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá sì lọ, a óò gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí jẹ́tì bí ẹni tó ń gbọ́mọ tó ń sunkún, títí yóò fi rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èrò á tò sínú oòrùn. Àwọn ọkùnrin tó mọ ojú ọ̀run tó fi jẹ́ pé wọ́n lè sọ wákàtí tí òjò yóò rọ̀, wọ́n á dúró níwájú àpótí kékeré kan, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ kó tan iná ewé.

Bí oṣù kan ṣe kọjá ni káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí wọ́n ṣe ń mú un wá, ó ti ká bí ewé gbígbẹ, òmíràn ti wú láàárín, òmíràn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń rùn bí ẹja yíyan. Ọ̀gá Onítáì fi ìka méjì gbé ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà. "Ṣé jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Èmi mọ̀dí rẹ̀. Nínú ilé orí omi, gbogbo nǹkan ló ń rin. Abẹ́ ibùsùn ń rin, inú àpótí ń bu, aṣọ tí o ká sórí àga, tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti tutù. Ibì kan ṣoṣo tó ń gbẹ ni orí àjà ẹja, òkè ibi ìdáná, níbi tí èéfín ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan ń kó ohun tó ṣe pàtàkì sí: ìwé ìsàmì, ìwé ẹ̀rí ọmọ, àwòrán òkú. Inú agolo la máa ń kó ìwé sí. Ṣùgbọ́n káàdì le, ó ń dán, kò jọ ìwé, làwọn èèyàn bá fi í lélẹ̀ lórí àjà bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Wọ́n ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ni. Èéfín àti ooru sì yan án mọ́ ẹja.

Ó yẹ kí n sọ èyí fún Ọ̀gá. N kò sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ọ̀gá, wọn kò lajú ni." Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ nípa àwọn tó tọ́ mi, èmi tí ìwé ẹ̀rí girama mi wà nínú agolo lórí àjà nílé wa lásìkò tí mò ń sọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí káàdì wọn bà jẹ́ gbọ́dọ̀ ra tuntun, owó tó wà nínú ti àtijọ́ sì di ti kọ́ńpìnnì. Èmi ni mò ń kọ orúkọ wọn. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ìye ní káàdì tirẹ̀. Èmi ni mo gbà á fún un, tí mo fi owó oṣù mi kìíní san owó ọkọ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé kò dára kí ìyá akọ̀wé má ní. Nígbà tí mo mú un délé, kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gbé e síbi tó bá wù mí. Ọwọ́ mi na sókè fúnra rẹ̀, bí ó ti ń nà láti ìgbà èwe mi, mo gbé e sórí àjà ẹja. Mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá Ọ̀gá Onítáì fi káàdì àwọn ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé ti ìyá mi ńkọ́. Ìye kò lò ó. Ọkọ̀ alájẹ̀ ló ń wọ̀ lọ sí Ayétòrò.

Ọkọ̀ alájẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń gbé èrò, nítorí pé òfin wọn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti di olóògbé ló ni ín. Aba ni gbogbo wa ń pè é. Apá rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi àjẹ̀ wakọ̀ bí ẹni tó ń ro ọbẹ̀, láìkánjú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìpè wọlé lórí fóònù mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìye ni. Ó ní ìyá òun ti wà ní ọsibítù ní Ìgbókọ̀dá láti àná, inú ló ń run ún, dókítà ní àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ìyá náà ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé òun wọlé láìjẹ́ pé àbúrò òun dé, kí òun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Jẹ́tì ni mo wà nígbà náà. Mo rán èèyàn sí Ìye. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ àárọ̀ á gbé e, kí oòrùn tó mú á ti dé. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn pé ọkọ̀ funfun wà.

Ọjọ́ náà, àwọn àgbà ọ̀gá láti òkè ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Ọ̀gá Onítáì ti nu bàtà, ó dúró lẹ́yìn mi gan-an, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Èrò wọlé tán. Àga ṣì ṣófo nínú ọkọ̀, mo ń rí wọn láti ibi tí mo dúró. Ìye wá yọ lórí afárá pákó, ó ń yára, ó di aṣọ ìpààrọ̀ sínú gèlè, ó mú káàdì lọ́wọ́. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi ni òórùn káàdì náà ti dé. Ó ti ká. Etí rẹ̀ kan ti yọ́. Mo wò ó, mo sì rántí ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Mo fi kan ẹ̀rọ. Pupa. Mo fi aṣọ mi nù ún, mo tún fi kàn án. Pupa. Mo tẹ̀ ẹ́ kó lè nà, ó kán sí mi lọ́wọ́. Ìye tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú owó jáde. Ó ní òun yóò san án tí òun bá dé ọ̀hún, pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ òun ní èbúté. Ọ̀gá Onítáì sọ láti ẹ̀yìn mi pé, "A kì í gba owó lọ́wọ́ níbí. Sọ fún màmá náà."

Káàdì òṣìṣẹ́ wà lọ́rùn mi. Bí mo bá fi kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan péré, irin á yí, ìyá mi á wọlé. Òfin wọn ni pé òṣìṣẹ́ tó bá fi káàdì rẹ̀ wọ ẹlòmíràn sínú ọkọ̀ ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìye wo káàdì náà lọ́rùn mi. Ó mọ ohun tí ó jẹ́, mo ti fi í yangàn fún un tó. Adìyẹ bà lókùn. Mo rò ó, ẹ má jẹ́ kí n purọ́, mo rò ó dáadáa. Mo ro ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, mo ro èéfín ibi ìdáná.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, káàdì yín kò ṣiṣẹ́. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Àwa Ìlàjẹ kì í bá ìyá wa sọ̀rọ̀ báyẹn. "Wọ" ni mo ń wí fún Ìye láti ìgbà tí mo ti mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, kò sì sí ìwọ̀sí níbẹ̀. "Ẹ" àti "yín", èdè òkè ni, ohun tí à ń fi bá àlejò sọ̀rọ̀. Ìye wò mí bí ẹni tó ń wá ojú ẹnì kan láàárín èrò.

Ó ní, "Ọma mi, èmi ni o."

Mo yí ojú sí ẹ̀rọ. Ọ̀gá Onítáì fun fèrè, ọkọ̀ ṣí, ó gbé àwọn àga òfìfo rẹ̀ lọ. Ìye kò pariwo. Ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó yí padà, ó sì gba orí afárá lọ sí ilé Aba.

Aba gbé e. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń rìn ní ìwọ̀n wákàtí kan ààbọ̀, odidi ọjọ́ ló fi wa àjẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ewéko ti bo ojú omi ní ibi púpọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á. Mo gbọ́ pé Ìye náà gbé àjẹ̀ kejì, kò sì fi sílẹ̀ títí wọ́n fi dé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Ìgbókọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró dúró. Nígbà tí ọkọ̀ funfun dé, ó bèèrè pé ṣé ọkọ̀ Mọlútẹ̀hìn ti dé. Wọ́n ní ó ti dé. Ó ní àbúrò òun ńkọ́. Wọ́n ní kò sí nínú rẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní kí wọ́n máa gbé òun lọ. Wọ́n gbé e wọlé lọ́sàn-án, kò sì jáde láàyè.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ nìyẹn, títí di òní. Gbogbo wa ni yóò kú. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kú pẹ̀lú èrò pé wọ́n gbé ọkọ̀ wá, àbúrò òun kò sì wọ̀ ọ́.

Wọ́n sin ín sí Ayétòrò. Nígbà tí Ìye padà wálé, mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ẹja wà lórí iná. Kò bá mi jà rárá. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ló ń lò fún mi. "Ẹ gbé omi wá. Ṣé ẹ ti jẹun?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ọdún kan gbáko kí ó tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ ó rò pé mo já káàdì yẹn kúrò lọ́rùn, mo sọ ọ́ sómi. Rárá o. Mo tún lo oṣù mẹ́rin sí i nídìí ẹ̀rọ náà. Ìdí tí mo fi ń kẹ́gàn Ọ̀gá Onítáì tó báyìí nìyẹn, kí ẹ̀gàn tèmi lè rí ibi sá sí. Kọ́ńpìnnì ló fi mí sílẹ̀, èmi kọ́ ni mo fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ funfun lọ, kò padà bọ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló bà jẹ́, wọ́n tún ní owó ló tán. Ọ̀gá Onítáì kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Owó tó wà nínú káàdì gbogbo ìlú bá a lọ. Àwọn ọmọdé ń fi káàdì ha ìpẹ́ ẹja.

Ìgbà náà ni mo tó lójú láti lọ sí ọ̀dọ̀ Aba. Mo kó èyí tó kù nínú owó oṣù mi ìgbẹ̀yìn dání. Ó jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó so mọ́ òpó, ó ń da omi inú rẹ̀ jáde. Mo kí i, mo ní mo mú owó ọkọ̀ Ìye wá, ti ọjọ́ tí ó gbé e lọ sí Ìgbókọ̀dá. Mo mọ̀ pé Ìye kò san án, mo sì rò pé ìbànújẹ́ ló jẹ́ kó gbàgbé.

Kò na ọwọ́. Ó tún da omi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ìyá rẹ na owó náà sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mi éè gbà á."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò, bí ẹni pé ó yẹ kí ẹnì kan ṣàlàyé ọkọ̀ wíwọ̀ fún mi.

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kí n gbé òun lọ. Mi éè gbé e débẹ̀."

Owó wà lọ́wọ́ mi. Aba gbé igbá tó fi ń da omi sílẹ̀.

Ó ní, "Ọma mi, èyí tí àwọn kọ́ńpìnnì ti gbà sínú káàdì ìyá rẹ ńkọ́? Níbo ni ghan gbé e dé?"